Òkúta Tó Wà Níwájú Tèmi

Bí o bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Èmi kì í ṣe dókítà. Kẹ́míkà ni mo kà ní yunifásítì. Mo wà nílé ní Èsìẹ́, mò ń retí ìwé ìpè fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, nígbà tí àìsàn yìí mú mi. Ara mi ti yá báyìí. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ bí ẹ̀rù ṣe máa ń ṣe ènìyàn. Nígbà tèmi, bí mo bá rí ìtàn ẹnikẹ́ni tó ṣe irú àìsàn yìí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, láti mọ̀ bóyá ẹni náà ṣì wà láàyè. Mo wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà láàyè kò dùn-ún gbọ́, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wúkọ́, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Ìyá mi ń yan gààrí tà. Àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan án wà lẹ́yìn ilé wa, ibẹ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní èéfín ni. Mo gbà, torí pé gbogbo obìnrin tó wà lábẹ́ àtíbàbà náà ló ń wúkọ́. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí òjò àkọ́kọ́ sì rọ̀, ikọ́ tiwọn dáwọ́ dúró. Tèmi kò dúró. Lẹ́yìn náà ni òógùn dé. Mo máa ń jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á rin gbingbin bíi pé mo wọ̀ ọ́ wẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ ṣe ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní ìdí mi. Bọ́dà Gbénga, aládùúgbò wa tó ń gun ọ̀kadà, bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ṣadé, láàárín ìwọ àti àwọn ère òkúta inú mùsíọ́ọ̀mù ìlú wa, ta ló jẹun kẹ́yìn?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi, wọ́n sì tún fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo ṣì lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tí àìsàn gidi ń ṣe kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ta oògùn ikọ́ fún wa, ó ta ti ibà, ó tún ta ti táífọ́ọ̀dù. Kò fi nǹkan kan yẹ̀ mí wò. Ó kàn ń wo ojú mi, ó sì ń nawọ́ sí pẹpẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin gbé àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi mu ife kan tán. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, kò fẹ́ràn àgbo. Àdúrà ni wọ́n fẹ́. Wòlíì tí wọ́n mú wá sọ pé ẹnì kan ń bínú sí ìwé ẹ̀rí mi, ó sì ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje.

Mo gbà á. Mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà wà níbi tí mo wà nígbà yẹn. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ pé ọ̀tá ni. Mo kàwé, mo mọ ohun tí kòkòrò àìsàn jẹ́, síbẹ̀ ó tù mí lára. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń ṣe mí, a jẹ́ pé mo ṣe pàtàkì tó láti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Ikọ́ tí kò bínú sí mi, tí kò tilẹ̀ mọ̀ mí, tó kàn ń jẹ mí lọ, òun ló ń bà mí lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ ṣe fi ebi pa ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀ náà, mo wúkọ́ lábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí gààrí funfun tó wà nínú ọpọ́n. Ìyá mi wo ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Wọ́n da gbogbo gààrí ọpọ́n náà sínú iná, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó bi mí bóyá ó ń dùn mí.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ló ń gbẹ̀bí, àwọn ló ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn náà ló sì ń gbá ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ikọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ti mọ̀.

"Ọmọ mi, mo lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún ọ," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní ohun tí mo lè fi wò ó."

Wọ́n kọ ọ́: ikọ́ ife. Wọ́n ní oògùn rẹ̀ wà, pé ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni, pé ẹni tó bá lò ó pé máa ń sàn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ènìyàn wò, ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ńlá kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ méjì ni a máa wọ̀ kí a tó débẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà tàbí ìlú tó wà. Àǹtí Bùnmi, àbúrò ìyá mi, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fa káàdì jáde. Ìyá mi pè wọ́n lórí fóònù pé mò ń bọ̀.

Mo kúrò nílé ní ìdájí. Nínú ọkọ̀ kejì, tí mo wọ̀ ní Òmù-Àrán, àwa mẹ́rin ni a fún mọ́ra lẹ́yìn. Mo fi gèlè di ẹnu. Nígbà tí mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìró bo imú ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún dẹ́rẹ́bà pé bí mi ò bá sọ̀, òun á sọ̀. Dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀ níbi tí kò sí ilé kankan. Mo ti ronú nípa rẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì lè sọ pé obìnrin náà ṣe ohun tí kò dáa. Ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra, kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé mi, ìdí nìyí tí mo fi dé ilé ìwòsàn pẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì lọ síbẹ̀ rí kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń tò. Àwọn oníkọ́ kì í jókòó sínú ilé pẹ̀lú àwọn aláìsàn yòókù. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé òkú ni wọ́n ń kó wa sí. Bẹ́ǹṣì kò tó, kò sì sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dúró pẹ́, nítorí náà òkúta ni ó ń bá wa tò. Bí o bá ti dé, wàá mú òkúta kan, wàá gbé e sẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn níwájú yàrá àyẹ̀wò, wàá sì lọ jókòó tàbí kí o dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi. Bí wọ́n bá pè, ẹni tí òkúta rẹ̀ wà níwájú á dìde. Kò sẹ́ni tó kọ òfin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí aláìsàn kan tó rú u rí. Òkúta mi ni ìkẹjọ.

Ìkẹrin jẹ́ ti bàbá kan tó ń gbin iṣu ní Àrán-Ọ̀rin. Bàbá Ràsákì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ojú wọn ń dán bí ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀. Òkúta tiwọn kò jọ tiwa. Ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, ihò kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Wọ́n ní òkúta tí ìyàwó àwọn fi ń pa èkùrọ́ nílé ni.

"Kò tíì mọ̀ pé èmi ni mo jí i," ni wọ́n wí. "Òkúta ibí yìí ló jọra jù. Wọ́n ti bá mi pààrọ̀ tèmi rí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mò ń wá rèé."

Wọ́n bi mí ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì. Mo ní kẹ́míkà.

"Kẹ́míkà náà ò wá mọ oògùn ikọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo wúkọ́. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan nìyẹn tí mo wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan tí kò sún kúrò.

Nígbà tí oòrùn ti ga, ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà jáde. Ó ní mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, àti pé ike àyẹ̀wò tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀, ọ̀kan fún ẹnì kan, ti fẹ́ tán. Mẹ́rin péré ló kù ní gbogbo ilé ìwòsàn. Kí àwọn yòókù padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan béèrè ọkùnrin àgbàlagbà tó máa ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kí ẹ̀rọ yìí tó dé. Ó ní ẹni yẹn ti fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀, awò náà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí ó fi sú u.

Mo ka àwọn òkúta náà. Mo tún un kà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Ìgbà náà ni Àǹtí Bùnmi yọ, nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì nawọ́ sí ike kékeré tí mo ti tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sí.

"Mú un wá," ni wọ́n wí. "Wọ́n mọ̀ mí níbí."

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan. Mo ti sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà nínú ọkàn mi láti ọjọ́ náà: Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀. Àǹtí, òkúta mi ni ìkẹjọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Mo jọ̀wọ́ ike náà wéré, ìka mi kò dì í mú rárá. Ọkùnrin náà tún jáde, ó gba ike lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì pe orúkọ mi pé tèmi ti wà níbẹ̀. Bàbá Ràsákì ti dìde. Wọ́n di ike tiwọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Àǹtí Bùnmi wí. "Ọmọ yìí ti ń tu ẹ̀jẹ̀."

"Èmi náà ń tu ú," ni Bàbá dáhùn. Wọn ò gbóhùn sókè.

Mo kúnlẹ̀. Kí ni mo kúnlẹ̀ ṣe? Bóyá mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Bàbá ní, "Dìde, ọmọdé ni ọ́. Ọlọ́run á wò ọ́ sàn." Mo sì ṣe àmín. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, àmín yẹn ló ń tì mí lójú jù. Mo gba ipò wọn, mo tún gba àdúrà wọn lé e.

Kí Bàbá tó lọ, wọ́n gbé òkúta wọn láti ibi ìkẹrin lọ sí iwájú pátápátá. Wọ́n ní kí ó máa bá àwọn tò títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ fún mi pé ikọ́ ife ni lóòótọ́, wọ́n sì fún mi ní oògùn àkọ́kọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ìtọ̀ rẹ á pọ́n bíi sóbò. Má sá, oògùn ni. Èébì á máa gbé ọ láàárọ̀, oríkèé ara á máa ro ọ́. Bí ó bá di oṣù kejì, ara rẹ á yá, á sì máa ṣe ọ́ bíi kí o jáwọ́. Má jáwọ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni. Mo ń padà lọ gba oògùn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹni tó sì ń fún wa níbi fèrèsé máa ń fi rúlà ti ọ̀rá oògùn sí wa, á ní, "Ẹ̀yin oníkọ́, ẹ má fọwọ́ kan fèrèsé mi o." Nílé, ìyá mi fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí abọ́ mi àti ife mi. Wọ́n sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọgbẹ́ inú ló ń ṣe mí. Ìwé ìpè àgùnbánirọ̀ dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ aṣọ wọn, wọ́n ya fọ́tò, èmi sì ń ka oògùn sí àtẹ́lẹwọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo bá Bàbá Ràsákì pàdé níbẹ̀. Òkúta wọn ló wà níwájú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ike ẹ̀rọ tí wọ́n ń retí kò tíì dé, wọ́n sì tún ní kí Bàbá padà wá. Bàbá ti rù sí i. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Àá, o ti ń sanra o," inú wọn sì dùn sí i lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn máa wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò tún rí wọn mọ́.

Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ gba oògùn ni mo máa ń wò ó. Ike ẹ̀rọ dé, wọ́n yẹ àwọn ènìyàn wò, àwọn aláìsàn ń to tiwọn sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń lọ, àwọn mìíràn ń dé, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò. Ní oṣù kẹrin, mo débẹ̀, mi ò rí i. Mo wá a káàkiri. Wọ́n ti fi ti ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò kí atẹ́gùn má baà gbá a dé. Mo mú un, mo fi òkúta mìíràn ti ilẹ̀kùn náà, mo sì gbé e lọ sílé nínú báàgì mi.

Ó yẹ kí n wá ilé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò lọ. Mo sọ fún ara mi pé ara mi kò tíì le, pé ó dìgbà tí mo bá parí oògùn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bí mi ò bá tíì lọ, ó ṣì ṣeé ṣe kí wọ́n wà láàyè. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò kẹ́yìn, tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan mọ́, tí ìyá mi sì ń jó lábẹ́ àtíbàbà, mi ò ní àwáwí kankan mọ́.

Ilé Bàbá Ràsákì ní Àrán-Ọ̀rin kò ṣòro rí. Ìyàwó wọn jókòó síwájú ilé, òkúta tuntun ni wọ́n fi ń pa èkùrọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo yọ òkúta náà jáde nínú báàgì. Wọ́n mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wo òkúta, wọ́n wo aṣọ mi tó mọ́, wọ́n rò pé ilé ìwòsàn ló rán mi.

"Ó wá kàn wọ́n lónìí," ni wọ́n wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Ó pé oṣù mẹ́rin tí a ti sin wọ́n."

Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òkúta ìkẹjọ, àǹtí mi, ike, àmín. Mo sọ̀rọ̀ pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo ń retí kí wọ́n lé mi jáde. Wọn ò dá mi dúró. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wúkọ́ sínú etí ìró wọn. Mo mọ irú ikọ́ náà. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n gba òkúta náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò ra inú ihò rẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún mi.

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀ ní ìdájí mọ́," ni wọ́n wí. "Bá mi gbé e tò níbẹ̀."

Abẹ́ igi máńgòrò náà ni mo ti ń kọ èyí. Ikọ́ ti fi mí sílẹ̀, mò ń jẹun, síkẹ́ẹ̀tì mi ti dúró ní ìdí mi, mo sì máa lọ síbi iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ pẹ̀lú ìsọ̀rí tó kàn. Bí ìwọ náà bá ń wúkọ́, lọ. Lọ kí o tó gbààwẹ̀, kí o tó mu àgbo, kí ìtìjú ìyá rẹ tó pa ọ́. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo lè fi ara mi búra.

Mo débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn sùn síbẹ̀. Ìyá Ràsákì ń bọ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti sọ pé mẹ́rin ni wọ́n máa gbà lónìí. Òkúta Ìyá ni ìkarùn-ún. Ìkẹrin jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, tó gbé orí lé eékún, tó ń wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. Àǹtí Bùnmi ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n ń dúró kí n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.